Kí A Wọn Ọ̀nà Kí A Tó Da Ọ̀dà Sí I

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ Yorùbá tó ń gbé Warri, Effurun àti agbègbè wọn, ìdìbò ń bọ̀. Àsìkò tí a wà yìí ni ọ̀dà máa ń pọ̀ lẹ́nu olóṣèlú ju bó ṣe wà lójú títì lọ. Olùdíje kan yóò dé, yóò ní òun yóò tún ọ̀nà àdúgbò wa ṣe. Èkejì yóò dé, yóò ní tòun yóò ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ. A ó pàtẹ́wọ́, a ó jó, wọn yóò sì bá tiwọn lọ. Ìbéèrè mẹ́ta kan wà tí a kì í bi wọ́n: Ọ̀nà wo ni ẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe? Kí ló dé tó fi jẹ́ òun ni yóò ṣáájú? Òṣùwọ̀n wo ni ẹ fi mọ̀ pé òun ló kàn?

Èrò wa ni pé ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè kẹta kò ní ìdáhùn gidi sí èkíní àti èkejì. Ojú ọ̀nà ṣeé wọ̀n. Bó ṣe tẹ́jú tó, tàbí bó ṣe rí gbágungbàgun tó, ṣeé kọ sílẹ̀ ní iye, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ ìwọ̀n aṣọ àti ìwọ̀n epo. Káńsù tí kò bá wọn ọ̀nà rẹ̀ yóò máa tún un ṣe bó bá ṣe wu ẹni tó wà lórí àga. Àwa tí a kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lórí àga náà ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà ta ni?

Kí a tó béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí a mọ ẹni tí òfin gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ìwé Òfin Ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi àwọn òpópónà tí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ bá kéde pé wọ́n jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ sábẹ́ àṣẹ Àbújá. Irú wọn ni ọ̀nà tó ti Benin gba Sapele wọ Warri, àti ọ̀nà East-West tó gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Port Harcourt. FERMA, àjọ tí òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀, ló ni iṣẹ́ ìtọ́jú wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní tirẹ̀. A sì rí àwọn afárá òkè tó gbé fún ilé-iṣẹ́ Julius Berger láti kọ́ ní agbègbè Enerhen àti PTI.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a fi ń ti ẹnu ilé wa dé etí títì ńlá ńkọ́? Àfikún Kẹrin Ìwé Òfin náà kà á mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: kíkọ́ àti títọ́jú ọ̀nà àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà, gẹ́gẹ́ bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ọ̀nà tó wà ní Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, bí alága káńsù bá ní ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò kan òun, Abùjá ló kàn, kí a rán an létí ohun tí òfin wí.

Àwíjàre pé owó kò dé ọwọ́ káńsù náà ti ń tán lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kò bófin mu kí gómìnà di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú, àti pé tààrà ni kí owó náà máa lọ bá àwọn káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. Bí ìmúṣẹ ìdájọ́ náà tilẹ̀ ń falẹ̀, ibi tí òfin dúró sí ti hàn gbangba. Ẹni tí a bá yàn báyìí yóò jíhìn owó, kò ní jíhìn àìsí owó nìkan.

Bí a ṣe ń wọn ọ̀nà

Àwọn kan lè rò pé ta ni yóò máa wọn ọ̀nà tí gbogbo ojú ń rí pé ó ti bàjẹ́. Òótọ́ ni pé ojú ń rí i. Ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá yàtọ̀ sí ojú ẹni tó jókòó sẹ́yìn jíìpù. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì gbà pé tòun ló burú jù. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí gbogbo àdúgbò bá gbé ẹjọ́ tirẹ̀ wá, kí ni adájọ́ yóò fi dá a? Ẹ̀rí tó dúró lórí òṣùwọ̀n kan náà ni.

Àwọn onímọ̀ ti là á kọjá ṣáájú wa. Nínú ìdánwò ọ̀nà ńlá tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ ẹrù ti ń lọ tó ń bọ̀ láti 1958 sí 1960, wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n gbé wọn gun oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n sì ní kí oníkálùkù fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti òdo dé márùn-ún. Wọ́n wá fi máàkì wọ̀nyí wé ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n. Ó hàn pé bí ojú ọ̀nà ṣe rí gbágungbàgun tó ló ju ohun mìíràn lọ nínú ìdájọ́ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Ohun tí ìdí wa ń sọ fún wa nínú dánfó kì í ṣe irọ́. Ó kù kí a sọ ọ́ di iye.

Ìṣòro tó tẹ̀ lé e ni pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 1982, Báńkì Àgbáyé kó àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ jọ sí Brasília, olú-ìlú Brazil, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn wá, gbogbo wọn sì wọn ọ̀nà kan náà. Ibẹ̀ ni òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ti jáde, tí ayé ń pè ní IRI. Ohun tó ń kà ni àròpọ̀ bí sípíríǹgì ọkọ̀ yóò ṣe fò sókè sódò bí ọkọ̀ náà bá rin kìlómítà kan. Bí èsì bá jẹ́ 5, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú kìlómítà kan, gbogbo ìfòsókè-fòsódò náà pọ̀ tó mítà márùn-ún. Ọ̀nà ọ̀dà tuntun tí wọ́n ṣe dáadáa sábà máa ń wà ní nǹkan bí 2. Ọ̀nà ọ̀dà tó ti bàjẹ́ lè wà láàrin 4 sí 11. Ọ̀nà tí kò lọ́dà rárá, tó sì ti di kòtò, lè dé 20.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé owó irinṣẹ́ rẹ̀ yóò ju agbára káńsù lọ. Òótọ́ ni pé àwọn ìlú olówó ń lo ọkọ̀ tó ní iná léésà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1991, ọ̀gbẹ́ni M. A. Cundill ti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀nà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé lórí ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ MERLIN, tí wọ́n ṣe nítorí irú àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa. Irin gígùn kan ni, tó ní táyà kẹ̀kẹ́ ológeere níwájú. Ó ní ẹsẹ̀ méjì tí àyè 1.8 mítà wà láàrin wọn, àti irin kékeré kan láàrin méjèèjì tó ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Bí ilẹ̀ tó wà láàrin bá ga tàbí bó bá jìn ju ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà lọ, irin kékeré náà yóò gbé ọwọ́ kan lórí pátákó, mílímítà kan nísàlẹ̀ yóò sì hàn ní sẹ̀ǹtímítà kan lókè. Ẹni tó ń tì í yóò dúró nígbà tí táyà bá yí ẹ̀ẹ̀kan, yóò fi àmì sí ibi tí ọwọ́ náà dé lórí ìwé, yóò tún tì í lọ. Ìgbà 200 ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tó ju 400 mítà ọ̀nà lọ.

Lẹ́yìn náà ni ìṣirò, kò sì le. Wọn yóò yọ àmì mẹ́wàá sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wọn bí àwọn tó kù ṣe fẹ̀ tó ní mílímítà, wọn yóò fi 0.0471 ṣe ìlọ́po rẹ̀, wọn yóò sì fi 0.593 kún un. Bó bá fẹ̀ tó 100, èsì jẹ́ 5.3. Bó bá tó 200, èsì jẹ́ 10. Àwọn wẹ́dà tó wà ní Warri yìí, tí wọ́n ń jó irin fún ilé-iṣẹ́ epo, kò ní í ka irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ńlá. Ọ̀dọ́ tó yege ìdánwò ìwé mẹ́wàá sì lè ṣe ìṣirò náà bí wọ́n bá ti kọ́ ọ. Káńsù tó bá fẹ́ lè fi àárọ̀ kùtù ọjọ́ Àìkú ṣe é, nígbà tí ọkọ̀ kò pọ̀ lójú títì.

Ohun tí òṣùwọ̀n yìí kò rí

Agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń sọ ibi tí ẹ̀rí òun mọ. Ìtẹ́jú ojú ọ̀nà kì í sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Agbaṣẹ́ṣe lè da ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀ tí kò kì mọ́lẹ̀. Ní oṣù kìíní, MERLIN yóò ní ó dára, ní òjò kejì, yóò ti di kòtò. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ fi ń yẹ ìpìlẹ̀ wò pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú irinṣẹ́ wọn ni ọ̀pá Benkelman, tí wọ́n ń lò láti àwọn ọdún 1950, tó ń wọn bí ojú ọ̀nà ṣe ń wọlẹ̀ tó lábẹ́ táyà ọkọ̀ ẹrù. Ọ̀nà tó bá ń wọlẹ̀ jù, kò lẹ́gun nínú, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dán tó.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, omi ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Òjò tó ń rọ̀ ní Warri lọ́dún ju 2,500 mílímítà lọ, ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, omi inú ilẹ̀ sì súnmọ́ òkè. Omi tí kò bá rí gọ́tà gbà yóò wá ọ̀nà wọ abẹ́ ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, táyà kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ ọ. Nítorí náà, ìwé tí káńsù bá fi ń ka ọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ ipò gọ́tà pẹ̀lú: ó wà tàbí kò sí, ó ń ṣàn tàbí ó ti dí, ibo ni omi rẹ̀ ń já sí.

Ta ni ó kàn?

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni ìpinnu. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀nà mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ, láìdárúkọ àdúgbò kankan. Èkíní wọn 14. Ó burú jáì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ díẹ̀ ló ń gbà á lójúmọ́. Èkejì wọn 8. Òun ni ọ̀nà ọjà, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ẹrù kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn 4. Ó ṣì dára lójú, ṣùgbọ́n ó ti ń sán wẹ́wẹ́.

Ẹni tó bá ń fi ojú ṣiṣẹ́ yóò kó gbogbo owó lọ sí èkíní. Ẹni tó bá ń fi òṣèlú ṣiṣẹ́ yóò béèrè ibi tí ọmọ ẹgbẹ́ òun ń gbé. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n, tó sì ka ọkọ̀, yóò kọ́kọ́ fi owó kékeré dí sísán tó wà lójú ọ̀nà kẹta nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. SANRAL, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó òpópónà ìjọba ní South Africa, ṣírò rẹ̀ pé bí a bá pa ìtọ́jú ọ̀nà tì fún ọdún mẹ́ta, owó àtúnṣe rẹ̀ lè di ìlọ́po mẹ́fà. Bó bá di ọdún márùn-ún, ó lè di ìlọ́po méjìdínlógún. Ọdún mẹ́ta ni sáà káńsù ní Ìpínlẹ̀ Delta. Sáà kan ṣoṣo tí a bá fi ṣeré ti tó láti sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ ńlá.

Owó ńlá yóò lọ sí ọ̀nà kejì, pẹ̀lú gọ́tà rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ná owó táyà àti owó mẹkáníìkì lójoojúmọ́. Wọn yóò sì ka irú ọkọ̀ tó ń gbà á, kì í ṣe iye nìkan. Ìdánwò Illinois fi hàn pé bí ẹrù orí ìlà táyà kan bá di ìlọ́po méjì, ìpalára tó ń ṣe fún ọ̀nà a máa tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ìlú tí a ń gbé ni wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo ní ọdún 1978. Tánkà kò ṣàjèjì sí wa. Àdúgbò tí tánkà àti tírélà ń gbà kọjá kò lè ní irú ọ̀dà kan náà pẹ̀lú èyí tí kẹ̀kẹ́ nìkan ń gbà.

Ọ̀nà èkíní ńkọ́? A kò gbọdọ̀ pa á tì nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Aláboyún tó ń rọbí níbẹ̀ ní láti dé ilé ìwòsàn, ọmọ ilé-ìwé sì ń gbà á nínú òjò. Kí wọ́n dí kòtò rẹ̀, kí wọ́n la gọ́tà rẹ̀ kí ó ṣeé gbà, kí wọ́n sì kọ ọdún tí yóò kàn án sínú ìwé tí gbogbo ènìyàn lè rí. Ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò kan òun lè dúró. Ìdúró tí kò ní ọjọ́ ló ń bí ìbínú.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Ìlú tó gbà wá ni Warri. A bọ̀wọ̀ fún àwọn onílẹ̀, a kò sì bá ẹnikẹ́ni du oyè tàbí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń san owó orí, a ń san owó ìsọ̀, àwọn ọmọ wa sì ń tẹ omi gọ́tà mọ́lẹ̀ lọ sí ilé-ìwé bíi ti àwọn ẹlòmíràn. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi ojúsàájú pín ọ̀nà, ẹni tí kò ní èèyàn nílé ìjọba ló máa ń kẹ́yìn. Òṣùwọ̀n kì í béèrè ìlú tí baba ẹni ti wá. Èsì 12 ní àdúgbò Yorùbá kò yàtọ̀ sí 12 ní àdúgbò Urhobo, Itsekiri, Ijaw tàbí Igbo. Bí èsì bá fi hàn pé ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn burú ju tiwa lọ, kí tiwọn ṣáájú. A ó gbà á tọkàntọkàn, nítorí pé ẹ̀tọ́ kan náà ni a ń béèrè.

Òṣùwọ̀n pàápàá lè di ojúsàájú bí a kò bá ṣọ́ ọ. Ní ọdún 2012, ìjọba ìlú Boston ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde tó ń jẹ́ Street Bump, tí fóònù inú ọkọ̀ fi ń mọ ibi tí ọkọ̀ ti gbọ̀n jìgì, tó sì ń fi iṣẹ́ rán sí ìjọba. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí ewu kan: fóònù olówó ńlá kò pọ̀ lọ́wọ́ tálákà àti arúgbó, ìròyìn kòtò yóò sì máa ti àdúgbò olówó wá ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, kì í ṣe àdúgbò tó pariwo nìkan ni kí wọ́n wọ̀n. Gbogbo ọ̀nà ni, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ó kéré tán, lẹ́yìn òjò.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ “àlejò” dẹ́rù bà yín. Ẹni tó bá ń gbé inú ìjọba ìbílẹ̀ kan, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ Òfin Ìdìbò láti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Bákan náà, Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láìsọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ méje sì ni wọ́n ní láti dáhùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwé àdéhùn ọ̀nà, iye owó rẹ̀ àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe kì í ṣe àṣírí.

Nígbà tí àwọn olùdíje sípò alága àti kánsílọ̀ bá wá bá wa, kí a bi wọ́n ní ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Ǹjẹ́ ẹ ó wọn gbogbo ọ̀nà káńsù láàrin oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ẹ sì lẹ èsì mọ́ ara ògiri káńsù?

2. Ǹjẹ́ ẹ ó kọ ipò gọ́tà àti iye ọkọ̀ mọ́ èsì náà?

3. Ǹjẹ́ ẹ ó sọ ọdún tí yóò kan àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àti ìdí rẹ̀ bí ẹ bá yí i padà?

4. Èló nínú owó ọdọọdún ni ẹ ó yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ọ̀nà tó ṣì dára?

5. Ǹjẹ́ ẹ ó wọn ọ̀nà tuntun, kí ẹ sì yẹ inú rẹ̀ wò, kí ẹ tó san owó tó kù fún agbaṣẹ́ṣe?

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. A kò lè fi ọwọ́ kan da ìdọ̀tí sí gọ́tà, kí a fi ọwọ́ kejì béèrè ọ̀nà. Onílé tó kọ́ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà, ẹni tó gé ọ̀dà láti gba páìpù omi kọjá tí kò sì dí i padà, àtọmọ Yorùbá àti ẹlòmíràn, wọ́n ń jẹ gbèsè tí gbogbo àdúgbò yóò san. Kí àwọn alága àdúgbò wa bá wọn sọ̀rọ̀ kí òjò tó dé.

Ẹ mú ìwé ìròyìn yìí dání lọ sí ìpàdé àwọn olùdíje. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó dáhùn àti ohun tó sọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì sì fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ìgbà tí wọ́n bá tún padà wá tọrọ ìbò, ìwé yẹn ni a ó kọ́kọ́ tẹ́ síwájú wọn.